Sáńpù Tí À Ń Gbé Lọ sí Ilé Àyẹ̀wò

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alágbàdo àti ẹlẹ́pà sọ níbi ìpàdé wọn)



Ẹjọ́ tí àwa olùbẹ̀wò ń gbọ́ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ti ọjà tí wọ́n dá padà. Ẹgbẹ́ kó àgbàdo lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ, wọ́n ní oró wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní irọ́ ni, pé àgbàdo náà mọ́, kò rùn, kòkòrò kò jẹ ẹ́. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi já owó ọjà wálẹ̀ ni. A kò lè búra pé kò sí oníbàárà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oró tí wọ́n ń wí yìí, ojú lásán kò lè rí i.

Aflatoxin ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń mú àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa bu, tó rí bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, ló ń mú un jáde. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, irú èyí tí a fi ń ṣe kúlíkúlí, tí wọ́n kó wá láti Brazil, ni wọ́n bá a nínú oúnjẹ wọn. Kì í ṣe ẹran ọ̀sìn nìkan ló ń pa. Ní Kenya ní ọdún 2004, ènìyàn 317 ni àgbàdo olóró dá dùbúlẹ̀, 125 nínú wọn sì kú. Èyí tó kéré, tí ènìyàn ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Sísè àti yíyan kò sì mú un kúrò.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá a kàn fi iná kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò hàn sí ojú tàn án wò ni. Oró náà tàn padà, òmíràn ní àwọ̀ búlúù, òmíràn ní àwọ̀ gíríìnì. Ibẹ̀ ni lẹ́tà B àti G tí wọ́n fi ń pè wọ́n ti wá. Ohun tí wọ́n ń lò lóde òní jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń lo èròjà kan láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá àjèjì kan ṣoṣo mọ̀ kí ó sì dì mọ́ ọn. Wọ́n a tò ó sínú ọ̀pá kékeré, wọ́n a da omi àgbàdo gba inú rẹ̀ kọjá. Oró nìkan ló máa há síbẹ̀, ìyókù a ṣàn lọ. Wọ́n a wá fi ọtí líle kan tí a kò gbọdọ̀ mu tú u sílẹ̀, ẹ̀rọ a sì ka iye rẹ̀.

Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tí ẹgbẹ́ lè lò fúnra rẹ̀. Ẹ fiyè sí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń kà á sódì. Ìlà méjì ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ hàn nígbà gbogbo. Bí kò bá hàn, bébà náà ti bàjẹ́. Bí èkejì bá hàn ketekete, oró kò sí tàbí kò tó nǹkan. Bí ó bá ń parẹ́ lọ, oró ti pọ̀ nìyẹn.

Báwo ni ohun tí wọ́n ń wá ti kéré tó? Bí oró tó wúwo tó hóró àgbàdo kan ṣoṣo bá tú ká sínú 150 àpò oní-100 kìlò, ó ti dé ibi tí òfin Amẹ́ríkà ní kò gbọdọ̀ kọjá nínú oúnjẹ ènìyàn. Ìdá kan nínú márùn-ún ìyẹn ni Yúróòpù ń gbà fún ẹ̀pà tí a óò jẹ.

Ẹ̀rọ náà ń ríran, ṣùgbọ́n ohun tí a gbé síwájú rẹ̀ nìkan ló ń rí. Oró yìí kì í wà káàkiri inú àpò bí iyọ̀ ti ń wà nínú ọbẹ̀. Hóró ẹ̀pà kan tó bu lè ní oró tó tó láti ba ẹ̀pà 25 kìlò jẹ́ lójú òfin Amẹ́ríkà, kí àwọn tó yí i ká sì mọ́. Ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti orí àpò lè má kan hóró náà rárá, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ló máa bù. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹgbẹ́ fi lè sọ pé ó dára, kí ti oníbàárà sọ pé kò dára, láìsí pé ẹnikẹ́ni purọ́. Fún ẹrù ẹ̀pà ńlá, àwọn ará Yúróòpù ń bù láti ibi 100, títí yóò fi pé 20 kìlò, wọn a sì lọ̀ ọ́ pọ̀ kí wọ́n tó mú díẹ̀ níbẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Nítorí náà, akọ̀wé tó ń ṣa èyí tó mọ́ jù fún sáńpù, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló ń tàn jẹ. Ẹ fi irin oníhò gún àpò kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ẹ ṣe é kí a tó da ti ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, nítorí àpò méjì tí òjò pa lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan lè jẹ́ kí 40 àwọn tó sá tiwọn dáadáa pàdánù. Owó bébà náà, ó yẹ kí àpò ẹgbẹ́ san án. Lójú tiwa, kò yẹ kí ó di ìjà ní ìpàdé.

Ẹ da gbogbo ohun tí ẹ bù pọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ pín in sí méjì. Inú àpò bébà ni kí ẹ dì í sí, ẹ má ṣe dì í sínú ọ̀rá, kí ó má baà làágùn kí ó sì máa bu lójú ọ̀nà. Ẹ kọ ọjọ́, iye àpò àti orúkọ àwọn tó ni ọjà sí i lára. Ìdajì ni kí ó lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ìdajì kejì, kí alága àti akápò fọwọ́ sí ìdè rẹ̀, kí ó wà ní ibi gbígbẹ nínú ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ títí oníbàárà yóò fi sanwó.