Kí A Tó Gbin Ọ̀pẹ Òyìnbó fún Ará Òkè Òkun



Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mú àbá wá pé kí àwọn àgbẹ̀ wa fi apá kan oko ẹ̀gẹ́ wọn gbin ọ̀pẹ òyìnbó, kí a sì máa kó o ránṣẹ́ sí Yúróòpù. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ni mo rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gánà, òun ni mo sì fẹ́ fi tó yín létí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni bàbá rẹ̀ ṣòwò ní Gánà kí òfin ọdún 1969 tó lé àwọn àlejò kúrò níbẹ̀, nítorí náà orúkọ Nsawam kò ṣàjèjì sí wa. Ní agbègbè náà, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ń gbin irú ọ̀pẹ òyìnbó kan tí à ń pè ní Smooth Cayenne. Awọ rẹ̀ a máa rí bí ewé, omi rẹ̀ sì kan díẹ̀. Yúróòpù ń rà á. Ní 2004, èyí tí Gánà kó lọ síbẹ̀ ju 50,000 tọ́ọ̀nù lọ.

Ṣùgbọ́n ní 1996, ilé-iṣẹ́ Del Monte ti gbé irú mìíràn jáde láti Costa Rica, èyí tí à ń pè ní MD2. Ó dùn jù, awọ rẹ̀ pọ́n bíi wúrà, ó sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú olùrà ṣí kúrò lára ti àtijọ́. Kò kúkú sí ẹni tí ó bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ Nsawam. Nígbà tí yóò fi di 2005, àwọn tí ń kó ọjà lọ kò wá sí oko mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti dunni jù. Ọ̀pẹ òyìnbó a máa gbà ju ọdún kan lọ. Bí ó bá tó àkókò, àgbẹ̀ a da oògùn sí àárín rẹ̀ kí gbogbo oko lè yọ òdòdó papọ̀. Láti ọjọ́ náà, ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, èso ń bọ̀, olùrà ìbáà wà, kò ìbáà sí. A kò lè kó o sí àká bí àgbàdo. Ọ̀pọ̀ jẹrà sóko.

Ẹni tí ó fẹ́ yí sí MD2 rí i pé ọmọ rẹ̀ wọ́n, pé ó ń fẹ́ ọ̀rá tí a tẹ́ sórí ebè, ó sì ń fẹ́ yàrá títutù láti ọjọ́ ìkórè. Púpọ̀ nínú àwọn kéékèèké fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn kan rí ọ̀nà: láti 1998 ni ilé-iṣẹ́ Blue Skies ti ń gé èso lẹ́bàá Nsawam, tí ó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ. Èso tí a ti bó kò ní awọ tí ẹnikẹ́ni yóò fi dá a lẹ́jọ́.

Ohun kejì kan iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Láti 1997 ni àwọn ilé ìtajà ńlá Yúróòpù ti gbé ìlànà kan kalẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di GlobalGAP ní 2007. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ irú oògùn tí ó fín sílẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ó fín in àti ọjọ́ tí ó kórè. Àwọn àgbẹ̀ lè para pọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí kan, ṣùgbọ́n irọ́ ẹnì kan lè kó bá gbogbo wọn. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe nílé: ìdérí ìgò ni òṣùwọ̀n wa. Ní 2015, nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá lára ẹ̀wà gbígbẹ, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà. Ní 2016 wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un. Ẹni tí ó fín in àti ẹni tí kò fín in ni wọ́n jọ tì síta.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má bínú sí mi. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a má dìbò lónìí. Ẹ kọ́kọ́ bá wa wá olùrà tí yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: irú èyí tí ó fẹ́, iye tí yóò rà, àti ẹni tí yóò ru àdánù bí ọjà bá yí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin oko rẹ̀ gbìn ín, kí gààrí má bàa di ohun tí àwa náà ń rà. Ní tèmi, mo yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa láti kọ́ àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ bí a ti ń kọ ìwé oko. Kí ó mú kálámù tirẹ̀ wá. Ìwé wà lọ́wọ́ mi.