Aago Wúrà Létí Òkun

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ láti fi ṣí ìjíròrò wa lè dàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín létí ẹlòmíràn: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn wọ aago ọwọ́ olówó iyebíye lọ sí etí òkun? Ẹlòmíràn yóò ní, 'Ẹni tí kò ní aago rárá ńkọ́?' Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kò sí ẹni tí kò ní ohun kan tí ó ṣe iyebíye sí i, bí kò tilẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bí a ṣe ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Èrò ọ̀nà méjì ni ó wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní ohun tí ènìyàn fi òógùn ojú rẹ̀ rà, kí ó máa lò ó níbi tí ó bá wù ú; aago tí a tì mọ́ inú àpótí kò sàn ju èyí tí a kò rà lọ. Àwọn kejì ní etí òkun kì í ṣe ibi ọ̀ṣọ́, pé ẹni tí ó bá gbé wúrà lọ síbẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe olè. Èmi kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kí n tó sọ ohun tí ojú tèmi rí.

Ní ọdún 1979, ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi múra láti lọ ṣe fàájì ní Bar Beach ní ìlú Èkó. Àwọn tí wọ́n dàgbà sí Èkó nígbà náà yóò rántí ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kó iyanrìn dí òkun níbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ àdúgbò tí à ń pè ní Eko Atlantic sórí rẹ̀. Bàbá mi ní aago wúrà kan tí okùn rẹ̀ jẹ́ awọ. Iléeṣẹ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ ayẹyẹ nìkan ni wọ́n máa ń wọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n yá mi. Wọ́n ní, 'Àkànní, mú un padà bí mo ti fún ọ.' Mo ní kò séwu, nítorí a kọ mítà 30 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi tí n kò lè kọjá ibi tí omi dé mi láyà, kí ni mo fẹ́ fi mítà 30 ṣe?

Mo wọ inú omi tòun tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, aago ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo nù ún, mo dá a padà, mo sì dúpẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ìrì bo abẹ́ gíláàsì rẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ó dúró. Nígbà tí ẹni tí ń tún aago ṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé e sún mọ́ wa kí a wò ó: àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Bàbá mi kò nà mí, wọn kò sì bú mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, 'Kì í ṣe aago ni o rì bọ omi, ọgbọ̀n ọdún mi ni.' Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò létí mi títí di òní.

Kí ni ó tàn mí? Òǹkà yẹn ni, ó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di ìsinsìnyí. Mítà 30 tí a kọ sára aago kò túmọ̀ sí pé kí a wọ̀ ọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ omi tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé nígbà tí aago náà wà ní tuntun, wọ́n dán an wò fún ìgbà díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ní ìdúró jẹ́ẹ́, lábẹ́ agbára tí ó bá ti omi ìjìnlẹ̀ náà mu. Àwọn tí ń ṣe aago fúnra wọn sábà máa ń kìlọ̀ pé mítà 30 wà fún òjò àti omi ìfọwọ́. Kí ẹni tí yóò lúwẹ̀ẹ́ wá èyí tí ó tó mítà 100. Ní ti àwọn òmùwẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ omi, ìlànà àgbáyé kan wà tí à ń pè ní ISO 6425. Aago tiwọn kò gbọdọ̀ dín ní mítà 100, a sì gbọ́dọ̀ fi agbára tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju èyí tí a kọ sára rẹ̀ lọ dán an wò.

Ohun tí ń dá omi dúró lára aago kì í ṣe wúrà, kì í sì í ṣe orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Òrùka rọ́bà tín-ín-rín ni, tí a fi sí abẹ́ gíláàsì, sí ẹ̀yìn aago, àti sí ìdí kókó kékeré tí a fi ń yí i. Rọ́bà a sì máa gbó. Ti inú aago bàbá mi ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, kò sí ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀ rí. Bí oòrùn bá mú aago gbóná, tí a sì kó sínú omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò sún kì, yóò sì fa omi wọlé níbi tí àyè bá wà, bí ó ti wù kí àyè náà kéré tó. Bí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá sì yọ síta díẹ̀, a ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún omi nìyẹn.

Omi òkun náà kì í ṣe omi lásán. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ kì í bá a lọ. Yóò kù sí àárín ẹ̀wọ̀n aago, yóò máa jẹ irin. Awọ tí ó bá mu omi iyọ̀ yóò le gbagidi, yóò sì máa ya. Iyanrìn ńkọ́? Àwọn onímọ̀ nípa òkúta máa ń fi òǹkà 1 sí 10 díwọ̀n bí nǹkan ti le tó. Ògidì wúrà kò ju 3 lọ; iyanrìn funfun etí òkun wa jẹ́ 7. Gíláàsì sàfáyà tí a ń fi sí ojú ọ̀pọ̀ aago olówó ńlá lóde òní, tí ó jẹ́ 9, ni iyanrìn kò lè ha. Nítorí náà, bí ẹ bá fi aṣọ nu iyanrìn kúrò lára aago wúrà, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ń fi iyanrìn ha á.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí pé, 'Ṣé kò sí aago tí ó ti bá òkun jà rí tí ó sì ṣẹ́gun ni?' Ó wà. Ní ọdún 1926 ni Rolex gbé aago Oyster jáde, tí àpótí rẹ̀ dé pinpin. Ní oṣù October ọdún 1927, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mercedes Gleitze, tí ó ti lúwẹ̀ẹ́ la òkun tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé kọjá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tún bọ́ sínú omi náà láti fi han àwọn tí ń ṣiyèméjì. Òtútù kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Oyster kékeré tí ó so mọ́ ọrùn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní 23 January 1960 ẹ̀wẹ̀, wọ́n so aago Rolex kan mọ́ ìta ọkọ̀ abẹ́ omi tí ń jẹ́ Trieste, èyí tí ó gbé Jacques Piccard àti Don Walsh lọ sí ìsàlẹ̀ Òkun Pàsífíìkì, níbi tí ó jìn ju mítà 10,000 lọ. Aago náà padà wá sókè, ó ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn aago wọ̀nyí kò ṣẹ́gun òkun nítorí owó tí a fi rà wọ́n. Wọ́n ṣẹ́gun nítorí pé omi ni a ṣe wọ́n fún. Òkun kò mọ iye owó. Aago wúrà pẹlẹbẹ tí ó wọ́n ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ lè bàjẹ́ nínú omi tí aago oníke olówó pọ́ọ́kú, tí a ṣe fún ìlúwẹ̀ẹ́, yóò jáde nínú rẹ̀ láìfarapa. Ta ni ń wọ sányán lọ roko? Kì í ṣe pé sányán kò dára. Oko kọ́ ni ibi tirẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń wọ̀ ọ́ kí ayé lè rí i, èmi kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ìgbádùn etí òkun ni pé gbogbo wa ni a bọ́ra sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá àti ọmọọ̀ṣẹ́, ìgbì kan náà ni ó ń gbé wọn ṣubú.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Bí aago yín bá jẹ́ èyí tí a ṣe fún omi, tí ó tó mítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì ń yẹ rọ́bà rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ gbádùn rẹ̀. Ẹ dé kókó rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó wọ omi. Bí ẹ bá jáde, ẹ kọ́kọ́ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án kí ẹ tó fi aṣọ kàn án. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ ogún, tàbí ẹ̀bùn, tàbí ẹ̀rí ìgbésí ayé ẹnìkan, ẹ fi í sílé. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Bàbá mi kò sọ aago náà nù. Títí tí wọ́n fi kú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí ayẹyẹ, bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé, 'Bàbá, kí ni aago wí?' wọn kì í dáhùn. Èmi ni wọ́n máa ń wò.

Mo dá ọ̀rọ̀ dúró níbí, kí ẹ̀yin àgbà lè bá mi dá sí i.