Ibi tí Mo Ń Lọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Láti oko àti láti ọjà ni púpọ̀ nínú yín ti wá, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìdúró.

Ẹ ti rí i pé n kì í sí ní kíláàsì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní Tíṣà ti ríṣẹ́ mìíràn. Ọsibítù ni mo ń lọ.

Àrùn àtọ̀gbẹ ń ṣe mí, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó di ọdún 11 báyìí. Ọ̀gá ilé-ìwé ni mo ṣì jẹ́ nígbà náà. Òùngbẹ a máa gbẹ mí ṣáá, mo máa ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru, ṣòkòtò mi sì ń já bọ́ ní ìdí. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe mí. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà! Nígbà tí mo dé ọsibítù, tí wọ́n wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi kí n tó jẹun, 310 ni. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kò tíì jẹun láàárọ̀, tirẹ̀ kì í tó 100. Bí ó bá di 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn tí kò wálẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Wọ́n fún mi lóògùn. Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà, nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Èmi tí mo ti fi ọdún 20 kọ́ ọmọ ní ìṣirò, n kò gbọ́ ìdajì ohun tó wí, ojú sì ń tì mí láti béèrè. Mo délé, mo ń ṣe é bó ṣe wù mí. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gún gún mi lẹ́sẹ̀ lóko, n kò mọ̀, nítorí pé àrùn yìí a máa pa ẹsẹ̀ kú tí ẹsẹ̀ kò fi ní mọ ìrora mọ́. Ọmọ mi ló rí ẹ̀jẹ̀ nínú bàtà. Ìka ẹsẹ̀ mi kan lọ sí i.

Ọ̀sẹ̀ 5 ni mo lò ní wọ́ọ̀dù. Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, òun ló kọ́ mi bí a ti ń wẹ ẹsẹ̀, tí a ń nu àárín ọmọ ìka gbẹ, tí a sì ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́. Bàbá yìí kò mọ̀wé rárá o! Ojú lásán ló fi mọ nọ́ńbà ara sírínjì rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo lọ bá dókítà, mo ní kí wọ́n fún mi ní àga kan níbi tí àwọn aláìsàn ń dúró sí. N kò gba kọ́bọ̀. N kì í júwe oògùn fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Mo ń bá wọn ka káàdì wọn ni, mo sì ń bá wọn béèrè ohun tí ojú ń tì wọ́n láti béèrè.

Ìyá kan wà, elùbọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Ìyá fárígá.

“Tíṣà, ẹni tí wọ́n bá ti fún ní abẹ́rẹ́ yẹn, ikú ló kàn. Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi, kò lò tó oṣù kan.”

N kò bá wọn jiyàn. Mo gbé bùbá mi sókè, mo fi ikùn mi hàn wọ́n. Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, ẹ wò ó. Ibí ni mo ń gún un sí, ọdún 6 rèé.” Mo sọ fún wọn nípa ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní ìlú Toronto, ní Kánádà. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní abẹ́rẹ́ yìí, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922. Ọmọ náà ti ń kú lọ. Ó tún lo ọdún 13 lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní bóyá ẹ̀gbọ́n wọn ló pẹ́ kó tó dé ìdí abẹ́rẹ́.

Ìyá ní, “Èmi tí n kò ní firíìjì ńkọ́?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n! Mo ní kí wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, kí wọ́n da yanrìn tútù sáàárín, kí wọ́n fi aṣọ tútù bò ó, kí ó wà níbòji. Oògùn yóò tutù níbẹ̀. Mo tún ní bí òógùn bá bò wọ́n tí ara ń gbọ̀n lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí wọ́n fi horo ṣúgà 3 tàbí 4 sẹ́nu kíá.

“Ṣúgà tí ẹ ní kí n má jẹ?”

“Òun náà ni, Màmá. Lọ́jọ́ yẹn, òun ni oògùn.”

Wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ní ń gbà. Kafíńtà kan wà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta. Ó ní òun ti rí àgbo tí yóò wò ó tán pátápátá, ó sì dá oògùn dúró. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá, kò dá mi mọ̀ mọ́. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Ó ń dùn mí títí di òní, mo sì máa ń bi ara mi bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ.

Àwọn aláìsàn ń pọ̀ sí i, àga mi kan kò tó mọ́. Mo ń fẹ́ ẹni méjì nínú yín tó ti lè ka nọ́ńbà dé ẹgbẹ̀rún, kí wọ́n bá mi lọ máa ka káàdì. Aago 7 àárọ̀ ni a ó gbéra lẹ́bàá ọjà. Ẹ jẹun kí ẹ tó wá o, ibẹ̀ máa ń pẹ́.