Ẹsẹ̀ Ló Ṣíwájú Orí

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ egungun ni mo gbé wá lónìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni pé orí ló sọ ènìyàn di ènìyàn. Mo a sì máa fi iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wa ṣe ẹ̀rí, nítorí pé orí ère wọn a máa tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara, bẹ́ẹ̀ orí àgbàlagbà gidi kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ.

Irú èrò yìí ti ṣi àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́nà rí. Ní ọdún 1912, a kéde agbárí kan tí wọ́n ní a hú ní Piltdown, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: orí ńlá bí ti ènìyàn, àgbọ̀n bí ti ìnàkí. Ọ̀pọ̀ gbà á, nítorí pé orí ńlá ni wọ́n ń retí. Ọdún 1953 ni àṣírí tú pé ayédèrú ni.

Ilẹ̀ Áfíríkà ló sọ òtítọ́. Ní ọdún 1974, Donald Johanson àti Tom Gray rí egungun Lucy ní Hadar, ní Etiópíà. Ọjọ́ orí egungun náà tó mílíọ̀nù 3.2 ọdún. Ìbàdí àti orúnkún rẹ̀ fi hàn pé ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn; síbẹ̀ ọpọlọ irú wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa lọ. Bí a bá fi egungun apá, láti èjìká dé ìgúnpá, wé egungun itan, ti Lucy jẹ́ nǹkan bí 85 nínú 100. Ti ìnàkí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba; tiwa kò ju nǹkan bí 72 lọ. Lucy ń rin ilẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò tíì gbàgbé igi.

Ní ọdún 1984, Kamoya Kimeu, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, rí egungun ọmọdékùnrin kan ní Nariokotome, lẹ́bàá adágún Turkana. Ó ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọdún tí ó ti kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìwọ̀n apá rẹ̀ sí itan sì ti dà bí tiwa. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó lè rìn jìnnà láìtètè rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tiwa lọ.

Nítorí náà, mo yí ẹ̀kọ́ mi padà lójú yín. Ìrìn ló ṣíwájú. Làákàyè ńlá bá a lójú ọ̀nà. Agbẹ́gilére kò ṣìnà ní tirẹ̀: ó mọ̀ pé iyì orí ni òun ń gbẹ́, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Èmi tí mo ń túmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ṣì í túmọ̀.