Òrìṣà Wo ni Èyí Jọ? Ọ̀rọ̀ lórí Iṣẹ́ Rubem Valentim



Àwòrán kan tí mo fi hàn níbí nígbà tí a pàdé kẹ́yìn dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bàbá kan nínú wa wò ó títí, wọ́n ní, "Òrìṣà wo wá ni èyí jọ?" N kò rí èsì gidi fún wọn lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi tún gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó kùn ún wá síwájú yín.

Rubem Valentim ni orúkọ rẹ̀. Salvador, ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1922. Iṣẹ́ ìṣègùn eyín ló kọ́, ó tún kọ́ iṣẹ́ akọ̀ròyìn. Àwòrán ní tirẹ̀, òun ló kọ́ ara rẹ̀. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ọlọ́pàá a máa ya wọ ilé òrìṣà ní ìlú náà, wọn a kó ìlù àti irinṣẹ́ òrìṣà lọ. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti mọ oṣé Ṣàngó, ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì àti ọ̀pá Òòṣàálá.

Ẹ wo ohun tó fi oṣé ṣe. Nílé níbí, àwọn agbẹ́gilére wa sábà máa ń gbẹ́ obìnrin tó kúnlẹ̀ sára oṣé, tí ẹdùn àrá méjì á wà lórí rẹ̀. Valentim kò ya obìnrin. Ojú àáké méjèèjì ló mú, ó sọ wọ́n di onígun mẹ́ta méjì, ó fi ìlà kan gbé wọn dúró láàárín. Ọfà di ìlà tó ní ṣóńṣó. Ohun tó wà lọ́tùn-ún ló sábà máa ń wà lósì, gẹ́gẹ́ bí ojú odù ṣe ń hù lórí ọpọ́n. Ìtumọ̀ tèmi nìyẹn o, ojú babaláwo ni mo fi wò ó. Ṣùgbọ́n ta ló béèrè rí pé ta ni Ọ̀yẹ̀kú Méjì fojú jọ? Kíkà ni a ń kà á. Àwọn ará Bahia ń pe oṣé ní "oxê" títí dòní: ohùn ti bọ́ lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kú.

Ẹ̀bùn tó gbà ní 1962 ló gbé e lọ sí Yúróòpù. Ó gbé ní Róòmù fún bí ọdún mẹ́ta, oṣé kò sì kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1966, ó lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar. Lẹ́yìn náà ló padà sílé, ó sì lọ ń kọ́ni ní Brasília. Níbẹ̀ ni àwọn àmì náà ti bọ́ kúrò lára aṣọ àwòrán, tí wọ́n di igi tó dá dúró.

Ní Bahia, ọdún 1976 ni ìjọba tó yọ ilé òrìṣà kúrò lábẹ́ ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ní 1977, ní ìpàtẹ ńlá Bienal ní São Paulo, Valentim to ère àti pátákó kalẹ̀, gbogbo wọn funfun bí àlà, ó pè é ní Templo de Oxalá, ilé Òòṣàálá.

Mo mọ̀ pé oṣé tí a kò bọ, igi lásán ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni foríbalẹ̀ fún àwòrán. Bàbá, ó tún wà lára ògiri lónìí. Ẹ jẹ́ kí a jọ kà á, láti ìsàlẹ̀.