Àlàfo Láàárín Eyín: Ìdánwò Ọpọlọ Ọkọ̀

Ẹ lè bèèrè ohun tí olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá lọ́dọ̀ rewáyà. Ọkọ̀ mi ló kọ̀ tí kò ṣíná ní Ìkòtún. Mẹkáníìkì kan ní brain box rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ọkọ̀, ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Owó oṣù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Rewáyà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni kò gbà. Ó gbé ọpọlọ náà sórí tábìlì, ó so ó mọ́ bátìrì, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan purọ́ fún un pé ẹ́ńjìnnì ń yí.

Irọ́ yẹn ni mo bá wá síbí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin róbótó eléyín kan ń bá kíráńkì yí. Àyè eyín 60 ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n eyín 58 péré ni wọ́n gbẹ́. Sensọ̀ ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Eyín jọ eyín. Àlàfo nìkan ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí kíráńkì dé. Ta ni kò ní rántí ìdánudúró onídùndún? Bí òpùrọ́ bá lu 60 láìdánudúró, ọpọlọ tó pé kò ní pàṣẹ iná. Èyí lu 58, ó dákẹ́, ó tún lu 58. Gílóòbù tó so dípò nọ́súlù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọpọlọ mìíràn a máa yege ní tútù kó sì kú bó bá gbóná, nítorí náà ó fi í sílẹ̀ pẹ́.

Kò kú. Wáyà sensọ̀ ni eku ti jẹ.