Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Ìjọba Ísírẹ́lì Kọ́ Ni Gbogbo Júù

Ọ̀rọ̀ òní máa ń dá ìjà sílẹ̀ lórí ayélujára. Ẹnì kan á bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí ìjọba Ísírẹ́lì ṣe ní Gásà, ẹlòmíì á ní, "Ìwọ yìí, o kórìíra Júù." Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

Kì í ṣe dandan. Lọ́dún 2016, àjọ IHRA gbé ìtumọ̀ ìkórìíra Júù jáde. Àríyànjiyàn ò tán lórí àwọn àpẹẹrẹ inú ẹ̀, àmọ́ ó sọ ọ́ kedere pé téèyàn bá bá Ísírẹ́lì wí bó ṣe ń bá orílẹ̀-èdè míì wí, ìyẹn kì í ṣe ìkórìíra Júù. Ní 2023, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Ísírẹ́lì fúnra wọn ló tú síta láti ta ko ìjọba wọn.

Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ ti Póláńdì. Lẹ́yìn ogun Ísírẹ́lì àtàwọn Lárúbáwá ní 1967, ìjọba Póláńdì ní àwọn ò bá Júù jà o, àwọn Zionist làwọn ń bá jà. Ní 1968, ta ni wọ́n wá lé níbi iṣẹ́? Àwọn Júù tó jẹ́ ọmọ Póláńdì: olùkọ́, oníròyìn, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ju 13,000 èèyàn lọ tó kó ẹrù kúrò nílùú. Ìwé ìrìnnà tí wọ́n fún wọn sọ pé ẹni tó ni ín kì í ṣe ọmọ Póláńdì.

Ẹ ríyẹn? Orúkọ Ísírẹ́lì ni wọ́n ń pè, ẹ̀yìn aládùúgbò wọn ni pàṣán ń bà.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ bi ara yín: ta ni mò ń bá wí gan-an? Tó bá jẹ́ mínísítà, ọ̀gágun tàbí òfin, ẹ sọ ọ́, ẹ má fi bò. Àmọ́ tó bá ti di "àwọn Júù ló ń darí ayé," tàbí tẹ́ ẹ ní kí Júù kan ní Lọ́ńdọ̀nù wá jẹ́jọ́ ohun tí Netanyahu ṣe, ẹ ti kọjá ààlà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń pe gbogbo ẹni tó bá sunkún àwọn ọmọdé Gásà ní ọ̀tá Júù, ẹ rọra. Tí ìkórìíra gidi bá dé, ta ló máa gbà yín gbọ́?

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, kì í gé gbogbo ọwọ́. Kí lẹ rò? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná o.